Fọ́tò Íǹṣì Mẹ́ta sí Mẹ́rin

Ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìbídùn ń pa rẹ́. Ó ti pa ọmọńdinrín rẹ́ tán, ó ti pa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, ó wá ku ìka mẹ́ta tí wọ́n ṣì wà léjìká ọkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èékánná wọn pupa yòò bí ó ṣe kùn wọ́n lọ́jọ́ ìrìbọmi ọmọ. Ó rọra ti máòsì síwájú, ó séèémí, ó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìka kan wà tẹ́lẹ̀ di aṣọ funfun.

"Ó ku méjì," ó sọ fún ara rẹ̀.

Iná ti wà láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Láti ìdajì oṣù kejì ni iná àdúgbò Ìbẹ̀rẹ̀kò ti ń ṣe bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Ó lè wọlé láàárọ̀, kó sì ti jáde kí omi tí èèyàn gbé kaná tó hó. Nítorí rẹ̀ ni Obadiah, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìbídùn tó ni ilé tó sì ni kọ̀ǹpútà, ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tò sílé epo láti ìdájí, bóyá á rí bẹntiróòlù díẹ̀ rọ sínú jẹnẹrétọ̀. Miriam ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Àyànfẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí Ìbídùn bí, ti lọ sílé-ìwé aládàáni rẹ̀. Olùkọ́ ni Ìbídùn fúnra rẹ̀, ní ilé-ìwé girama kan, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí ibi tó ń lọ.

Fọ́tò tó ń tún ṣe náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti yà á, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún Àyànfẹ́olúwa. Adékọ́lá ọkọ rẹ̀ wà láàárín, ó wọ agbádá funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kò sí nínú fọ́tò. Ìbídùn dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Obadiah àti Miriam wà lápá òsì, Miriam ló gbé ọmọ. Òun nìkan ni fọ́tò tó ṣẹ́ kù tí ojú Adékọ́lá ti hàn kedere. Àwọn ọkùnrin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n wá gbé e ní oṣù keje ọdún tó kọjá, ti kó àwọn yòókù lọ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àti rédíò rẹ̀. Wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀ làwọn fẹ́ bi í, pé á ti dé kó tó di àṣáálẹ́. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sì ni. Ohun tó ṣe kò ju pé ó dìde ní ìpàdé kan, ó ka ìwé tí ẹgbẹ́ kọ sí ìjọba sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn.

Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ìbídùn ti dé bárékè mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní èkejì, wọ́n gba oúnjẹ tó gbé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ní ẹ̀kẹta, ṣójà kan tí kò tó ọmọ ogún ọdún fa ìwé ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó wò ó, ó ní, "Màdáámú, bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ọmọ yín, ẹ má wá síbí mọ́." Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà ní kó kó jáde nínú ilé tí wọ́n fún àwọn olùkọ́, Obadiah sì wá fi pikọ́ọ̀pù kó òun àti ọmọ rẹ̀ wá sínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Lọ́yà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá mú fọ́tò Adékọ́lá, tí kò sí ẹlòmíì nínú rẹ̀, kí òun lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ìbídùn fi ń pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìparí oṣù kejì ló kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ayàwòrán ilé ni Obadiah. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ kógbá wọlé, ó gbé kọ̀ǹpútà tó ń lò níbẹ̀ bọ̀ wálé, ó fi aṣọ àdìrẹ àtijọ́ bò ó, kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ ọn. Àfi bó ṣe yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, tó ní, "Ìyàwó, fi aṣọ yẹn sílẹ̀. Wá jókòó síbí, kó o wá kọ́ nǹkan yìí."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ṣáà wá jókòó."

Ó jókòó nítorí pé kò lágbára àtijiyàn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gba máòsì rárá. Ọfà kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà ń sá káàkiri bí eṣinṣin tó wọ inú ìgò, Obadiah sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò kanra, kò kánjú, ó kàn ń sọ pé, "Rọra. Tún un ṣe." Lójoojúmọ́ tí iná bá ti wà ló ń pè é. Sídì kan wà tó ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń lo ohun gbogbo inú rẹ̀, ohùn òyìnbó obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn tútù, bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Ìbídùn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orin sí i. Ó rí fídíò àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ta gìtá, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ó ń ta á díẹ̀ ó ń dúró, ó ń ta á díẹ̀ ó ń dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Obadiah fi wáyà so rédíò alákásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà. Kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìrìbọmi ṣì wà nínú báàgì ọmọ, ibi tí àwọn ọkùnrin yẹn kò ronú láti wò. Wọ́n gbé ohùn Adékọ́lá kúrò lórí rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, ohùn náà sì di ọ̀wọ́ òkè kéékèèké lójú rẹ̀, èyí ga, èyí rẹlẹ̀. Ìbídùn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e. Ó gé ariwo àwo kúrò, ó gé ẹ̀rín àwọn obìnrin kúrò, ó gé ewúrẹ́ tó ń ké kúrò, títí ó fi ku ohùn ọkọ rẹ̀ nìkan tó ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni, ilé yín náà á tòrò." Ó gbọ́ ọ nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kò gbọ́ ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó kàn dà bí ohùn ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì. Ẹ̀rù bà á. Ó pa á.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti fọ́tò. Obadiah yá sikánà ọlọ́wọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, nǹkan bí búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, tí iná pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èèyàn á fà á kọjá lórí fọ́tò láìgbọ̀n, fọ́tò náà á sì jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìbídùn ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kíní, imú Adékọ́lá wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ gùn bí ojú ẹni tó wà nínú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló fà á kí ó tó rí i bó ṣe rí gan-an. Nígbà tó wá ní kí òun mú un sún mọ́ òun, kí òun lè rí ẹyinjú rẹ̀ dáadáa, ńṣe ló fọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, dúdú, eérú, funfun. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ ni kò rí i.

"Íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ni kó o gé e sí," Obadiah ti sọ fún un lánàá. Ìbídùn rò pé lọ́yà ló ní bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí aago méjìlá fi máa lù, ìka tó kẹ́yìn ti kúrò. Adékọ́lá dá dúró. Ìbídùn gé e sí ìwọ̀n tí wọ́n ní, ó fi pamọ́, ó tẹ KOLA fún orúkọ rẹ̀, ó sì nà sẹ́yìn lórí àga. Bóyá ìṣẹ́jú kan ló fi jókòó bẹ́ẹ̀ kí fáànù òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ojú kọ̀ǹpútà sì tó dúdú.

Ó jókòó sínú ooru. Ó ń gbọ́ ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn tó ń lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn tó ń bọ̀. Kò dìde. Nígbà tí iná fi máa padà, òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ó tan kọ̀ǹpútà náà. Ó wá fọ́tò náà lọ síbi tó rò pé òun fi í sí, kò bá a níbẹ̀. Ó ṣí ibòmíì, kò sí. Ó wá rántí pé Obadiah ti kọ́ ọ pé bí nǹkan bá sọnù, kó tẹ orúkọ rẹ̀ sójú ibì kan, kọ̀ǹpútà á bá a wá a. Ó tẹ KOLA. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó sì gbé méjì jáde.

Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun fi pamọ́ láìmọ̀. Ó ṣí àkọ́kọ́.

Kì í ṣe fọ́tò. Ìwé ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Lókè pátápátá ni àpótí onílà kan wà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kéékèèké kan: *Fọ́tò, íǹṣì 3 sí 4.* Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Ètò Ìsìn Ìdágbére fún Olóògbé Adékọ́lá Ṣówùnmí, 1954 sí 1997.*

Ó kà á bí olùkọ́ ṣe ń ka ìwé ọmọléèwé. Ó rí i pé wọ́n gbàgbé àmì lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó ka nọ́ńbà orin mẹ́rin. Ó ka ibi tí Bíbélì kíkà wà, ìwàásù, ọrẹ, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ní ìpínrọ̀ mẹ́ta, ibi tí wọ́n bí i, iléèwé tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe. Ibi tí ọjọ́ ìsìn yẹ kó wà ṣófo. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀: *Ìbídùn, aya. Àyànfẹ́olúwa, ọmọ. Obadiah, ẹ̀gbọ́n.*

Ó tún un kà láti òkè. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ inú rẹ̀, kò sì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wọ̀ ọ́ bí omi ṣe ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi tó lu, láti ìsàlẹ̀, láìpariwo. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò purọ́ fún un. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì, ọjọ́ Ajé kan. Ó fi ìka ka ọjọ́ lórí tábìlì. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Obadiah yọjú lójú fèrèsé.

Ó gbọ́ ìró géètì, ó gbọ́ ìró kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó, mo rí lítà márùn-ún o!" Ohùn Obadiah dùn. "Láti aago márùn-ún ni mo ti wà níbẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ń pín..."

Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," Ìbídùn ní, kò yíjú padà, "ta ló sọ fún yín?"

Òórùn bẹntiróòlù ti gba inú yàrá.

"Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó ń sá lọ sí Kùtọnú. Ó yà níbí nítorí pé Kọ́lá ti sọ ilé mi fún un. Kò gbà kí n fún òun lómi mu, ó ní ọkọ̀ ń dúró."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní oṣù kìíní ni. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbọ̀n, àwọn tí wọ́n jọ wà kàn ń gbá ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó wá."

"Wọ́n sin ín?"

"Kò mọ̀. Ó ní àárọ̀ ni wọ́n wá gbé e, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì dì í."

Ìbídùn mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún. "Ẹ sì jẹ́ kí n máa tún fọ́tò ṣe. Tí lọ́yà máa gbé lọ, kí wọ́n lè dá a sílẹ̀."

"Ìyàwó, lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo wá jókòó síbẹ̀ yẹn, mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, kò sì sí nǹkan tó kù tí mo lè tẹ̀ mọ́." Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọkùnrin gíga ni, ṣùgbọ́n ó ti kéré. "Ìgbà tó di ọjọ́ kejì, mo wo ojú fèrèsé, mo rí ọ, ò ń fọ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí kò dọ̀tí. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo la ẹnu láti sọ ọ́ ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé kó o wá jókòó."

Ó ṣe Ìbídùn bíi kó lù ú. Ó ṣe é bíi kó gbé kọ̀ǹpútà náà sọ mọ́ ilẹ̀, kó gbọ́ bó ṣe máa fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí máòsì.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Miriam."

"Ta tún ni?"

"Àlùfáà. Mo nílò ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún."

Kò bi í mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn yòókù tó mọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń ti Àjídò wá, tí Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Ẹ̀gùn nínú, tó sọ ẹja yíyan mẹ́ta lé èyí tí òun rà, tó ní kó má wulẹ̀ dúpẹ́. Morìnsọ́lá tí wọ́n jọ wà nínú kọ́áyà, tó kàn dì mọ́ ọn lẹ́yìn ìsìn, tí kò tètè fi í sílẹ̀, tó sọ pé orí ló ń fọ́ òun. Ọ̀gá iléèwé Àyànfẹ́olúwa tó bá a pàdé lójú ọ̀nà tó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú láìsọ nǹkan. Miriam tí kì í rẹ́rìn-ín sókè mọ́ bí òun bá wà nítòsí. Ó ti rò pé ọkàn àwọn èèyàn ló ń rọ̀ sí òun. Ó tilẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un lórí eékún. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi ń rìn láàárín wọn bí opó, gbogbo wọn ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí opó, òun nìkan ni kò mọ ohun tí wọ́n ń kí òun fún.

Kò sunkún. Ó ń retí ẹkún náà, kò dé. Ó pa ìwé náà dé, ó sì ṣí KOLA kejì, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe. Adékọ́lá jáde, òun nìkan, nínú agbádá funfun rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ roro, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí igi, kò sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà dára. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á.

Obadiah ṣì dúró níbi tó wà. "Ṣé kí n bá ẹ pe Miriam wá?"

"Rárá."

"Ṣé kí n..."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀."

Fáànù ń yí lókè orí wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ nínú yanrìn àgbàlá, wọ́n gbọ́ bí báàgì ìwé ṣe bọ́ sílẹ̀ gbì. Obadiah tètè nu ojú rẹ̀ nù. Àyànfẹ́olúwa gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé.

"Ẹ káàsán, Dádì àgbà. Mọ́mì, ẹ káàsán." Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, yanrìn wà lójú rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. "Áà, ẹ ti ṣe é tán! Ó ń rẹ́rìn-ín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Mi ò rántí mọ́."

Ọmọ náà wò ó títí. Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà níbi tí irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ wà, ó sì yọ ìka náà kíá, nítorí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un.

"Ṣé lọ́yà máa wá mú un ní Sátidé? Tí wọ́n bá rí i, ṣé wọ́n máa wá fi Dádì sílẹ̀?"

Ìbídùn yí àga padà kí ó lè kọjú sí i. Ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú. Ó rí òógùn tó ń ṣàn nídìí irun rẹ̀, ó rí bọ́tìnnì tó ti já lọ́rùn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó rí bí ojú ọmọ náà ṣe ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti wúwo síbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ní Sátidé. Lọ bọ́ aṣọ ẹ, kó o wá jẹun."

Àyànfẹ́olúwa sá jáde. Ìbídùn gbé ojú sókè, ojú òun àti ti Obadiah sì ṣe mẹ́rin fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Kò rí i bí ẹni tó jókòó, tó gbèrò láti tan òun jẹ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún mọ́. Kò sí ẹni tó gbèrò irú rẹ̀. Ẹnì kan kàn la ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ojú ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe òní. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́.